Ẹ̀yìn Kan Kò Pọn Ọmọ Méjì: Ìtàn Àlàfo Àárín Ọmọ ní Àríwá Èkìtì

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ fún ìjíròrò wa lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń pariwo rẹ̀ láàárín ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a máa fi pamọ́ sí ìyẹ̀wù. Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ni. Olóòtú ètò yìí ni ó gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ fún mi báyìí pé: Ǹjẹ́ òtítọ́ ni pé àwọn baba ńlá wa kò mọ ohun tí à ń pè ní ìfètò-sọ́mọ-bíbí, pé bí ọmọ bá ti ń bọ̀ ni wọ́n ń gbà á, títí àwọn òyìnbó fi dé tí wọ́n wá là wá lójú?

Èsì mi ni pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Ìkọ̀lé, ní Ọyẹ́, ní Ìdó, àti ní àwọn ìlú àti abúlé tí ó yí wọn ká ní àríwá Èkìtì, ìṣirò tí àwọn ìyá wa ń ṣe lórí ọmọ bíbí jinlẹ̀ púpọ̀. Ohun tí wọn kò kàn ṣe ni pé wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé. Inú èèwọ̀ ni wọ́n fi pamọ́ sí, ẹni tí kò bá sì tú èèwọ̀ wò yóò rò pé òfìfo ni. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín gba inú oko kọjá, nítorí pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn ni ìṣirò yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹni tí ó pa òwe yìí mọ ìwà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dáadáa. Ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni igi kan ń so láyé rẹ̀. Gbogbo agbára tí ó ti kó jọ fún oṣù púpọ̀ ni ó ń kó sínú èso kan yìí, nígbà tí èso náà bá sì gbó, ìyá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó di kí àwọn ọmọ tí ó ti hù ní ìdí rẹ̀ gba ipò. Igi obì kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Obì a máa pẹ́ kí ó tó so, bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í so, kì í ná gbogbo agbára rẹ̀ tán lọ́dún kan, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún mìíràn ṣì ń bẹ níwájú rẹ̀. Méjèèjì ni ó so èso, méjèèjì ni ó fi irú sílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ná ara wọn ni kò dọ́gba.

Ẹ tún wo ìgbín. Ìgbín ńlá inú igbó wa, èyí tí àwọn ènìyàn ń ṣà lẹ́yìn òjò, kì í yé ẹyin púpọ̀. Láti 4 sí 18 ni ó ń yé lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹyin náà tóbi, gígùn rẹ̀ ń tó milimita 17. Irú ìgbín mìíràn wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí a mọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Gánà, tí ó lè yé láti 30 títí dé 300 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; ṣùgbọ́n ẹyin tirẹ̀ kò gùn ju milimita 9 lọ. Ọmọ ìgbín tí ó jáde láti inú ẹyin ńlá ní oúnjẹ púpọ̀ lára, ó sì lágbára láti kọjú sí ayé. Èyí tí ó jáde láti inú ẹyin kékeré kò ní ju pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀, bí mẹ́wàá bá kú, mẹ́wàá á ṣẹ́kù. Iṣu kan náà ni a gún, ẹni tí ó bá pe àlejò mẹ́ta àti ẹni tí ó bá pe ọgbọ̀n kò lè bu òkèlè kan náà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọdẹ wa náà mọ òmíràn. Òkété kò lóyún ju bí oṣù kan lọ tí ó fi ń bímọ. Àwọn ọmọ náà kò ní irun lára, ojú wọn kò sì tíì là, ṣùgbọ́n kò léwu, nítorí pé inú ihò ni ìyá wọn ń tọ́ wọn sí. Òyà kò ní ihò tirẹ̀. Inú koríko gbangba ni ó ń gbé. Nítorí náà ó ń gbé oyún fún bí oṣù márùn-ún, ọmọ rẹ̀ a sì ti la ojú, a ti hu irun, kí ó tó jáde. Ẹni tí kò ní ilé tí yóò sá sí, àfi kí ó lè sáré lọ́jọ́ tí a bá bí i.

Kì í ṣe pé àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí jókòó ṣèpàdé tí wọ́n fi ẹnu kò. Èyí tí ọ̀nà ìnáwó rẹ̀ bá ibùgbé rẹ̀ mu ni irú rẹ̀ ń ṣẹ́kù, èyí tí kò bá a mu a run díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1930, onímọ̀ ará Bìrìtìkó kan tí ń jẹ́ R. A. Fisher béèrè nínú ìwé rẹ̀ pé, báwo ni ẹ̀dá alààyè ṣe ń pín oúnjẹ tí ó jẹ láàárín ìtọ́jú ara rẹ̀ àti ọmọ bíbí? Ní 1947, David Lack, ẹni tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wo ẹyẹ ní Oxford, dá apá kan ìbéèrè náà lóhùn. Ó ní iye ẹyin tí ẹyẹ ń yé kì í ṣe iye tí ara rẹ̀ lè yé, bí kò ṣe iye ọmọ tí òun àti akọ rẹ̀ lè bọ́ títí wọn yóò fi lè fò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ọmọ kan kún ọmọ mẹ́ta inú ìtẹ́ ẹyẹ kan tí ó fara jọ alápàńdẹ̀dẹ̀, èyí tí ń gbé nínú ilé-ìṣọ́ kan ní Oxford, ọmọ tí ó yè nínú mẹ́rin kò tó èyí tí ó ń yè nínú mẹ́ta. Àfikún di àdínkù. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ.

Wàyí o, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹyẹ, ènìyàn ńkọ́? Kò sí ẹran tí ọmọ rẹ̀ ń pẹ́ lẹ́sẹ̀ ìyá tó ọmọ ènìyàn. Ọmọ òyà a sáré lọ́jọ́ tí a bí i. Ọmọ ènìyàn a lo ọdún kan kí ó tó rìn, a sì lo bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè bọ́ ara rẹ̀. Ìyá a gbé e, a pọ̀n ọ́n, a fún un lọ́mú, a sì tún máa lọ sí oko àti odò. Láàárín àwọn ẹ̀yà !Kung tí wọ́n ń ṣọdẹ tí wọ́n sì ń ṣa èso jẹ ní aginjù Kàlàhárì, àwọn olùwádìí rí i pé àárín ọmọ kan sí èkejì ń tó bí ọdún mẹ́rin. Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn kò lè gbé ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí àlàfo náà bá kúrú jù ńkọ́? Ìtàn tí ó dáhùn èyí kò jìnnà sí wa. Ní nǹkan bí 1930, obìnrin oníṣègùn kan, Cicely Williams, ń ṣiṣẹ́ ní Akírà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ó rí àwọn ọmọ kan tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí awọ ara wọn ń bó, tí irun wọn pọ́n, tí wọ́n sì ń kú. Ní 1933 ó kọ ìwé nípa àìsàn náà. Ní 1935 ó sọ orúkọ rẹ̀ fún gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá Gá ti sọ ọ́ fún un, kwashiorkor, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí a lé kúrò lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ọmọ tí ó ti ń mu ọmú ni wọ́n ń kó lé orí ẹ̀kọ àgbàdo lásán. Ẹ ò rí i pé orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni ìmọ̀. Àwọn ìyá Gá kò ní ilé àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ kan lè jẹ́ ikú ọmọ kejì, kì í ṣe nípa àjẹ́, bí kò ṣe nípa ìkánjú.

Èyí ni àwọn ìyá wa ní Èkìtì àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi èèwọ̀ dí ọ̀nà rẹ̀. Láyé àtijọ́, obìnrin a máa fún ọmọ lọ́mú tó ọdún méjì, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ìgbà náà títí di nǹkan bí ọdún mẹ́ta, kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọkọ rẹ̀. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé bí ọkùnrin bá bá ìyá ọlọ́mọ lò pọ̀, omi ọmú yóò bàjẹ́, ọmọ yóò sì ṣàìsàn. Bí a bá fi ojú ìmọ̀ òde òní wò ó, omi ọmú kì í bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Bí ìyá bá tètè lóyún, ọmọ ọwọ́ yóò já lẹ́nu ọmú láìtọ́jọ́, yóò sì ṣàìsàn lóòótọ́. Àlàyé wọn kò bọ́ sí i, ṣùgbọ́n òfin wọn bọ́ sí i.

Àgbékalẹ̀ ilé náà ń ran òfin yìí lọ́wọ́. Nínú agbo ilé, ìyá ọlọ́mọ kì í dá sùn. Òun àti àwọn ọmọ àti ìyá ọkọ ni wọ́n jọ ń gbé, ojú àgbà sì wà lára gbogbo wọn. Obìnrin tí ó bá lóyún nígbà tí ọmọ ọwọ́ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìtìjú ni fún un, ìtìjú ni fún ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ènìyàn a ní wọn kò lè mú sùúrù. Ọmú fúnra rẹ̀ náà sì ń ṣe iṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú lọ́sàn-án àti lóru, èròjà tí ń mú omi ọmú sun a máa dí ọ̀nà oyún. Ní 1988, àwọn onímọ̀ péjọ sí Bellagio ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n sì fẹnu kò pé bí ọmú nìkan, tàbí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan, bá ni ọmọ ń mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, tí nǹkan oṣù ìyá kò sì tíì padà, kò ju bí 2 nínú 100 ìyá lọ tí yóò lóyún. Nítorí náà okùn méjì ni àwọn ìyá wa fi so àlàfo náà: ọmú fún ìbẹ̀rẹ̀, ìtakété fún ìyókù.

Èèwọ̀ kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò mọ̀ mọ́. Nígbà tí ọmọ obìnrin kan bá ti ń bímọ, ìyá kò gbọdọ̀ bímọ mọ́, ì báà jẹ́ pé ara rẹ̀ ṣì lè gbà á. Ohun ìtìjú ni kí ìyá àti ọmọ jọ máa pọn ọmọ ọwọ́ nígbà kan náà. Kí ni ọgbọ́n rẹ̀? Ìyá tí kò bímọ mọ́ ni ó ráyè wẹ ọmọ-ọmọ, kí ó pọ̀n ọ́n, kí ó sì fún un lóúnjẹ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà ní oko tàbí lọ́jà. Ní ilẹ̀ Gáḿbíà, Rebecca Sear, Ruth Mace àti Ian McGregor tú àkọsílẹ̀ àwọn abúlé kan yẹ̀wò láti 1950 sí 1974, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2000. Wọ́n rí i pé ọmọ tí ìyá-ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè sanra ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì ń yè ju ẹni tí kò ní ìyá-ìyá lọ. Agbára tí ìyá àgbà kò ná sórí ọmọ tuntun, orí ọmọ-ọmọ ni ó ń ná an sí. Kò sọnù.

Àwọn olùwádìí kò fi èyí ṣe àwàdà. John àti Pat Caldwell, tọkọtaya ará Ọsirélíà, kọ ìwé pàtàkì ní 1977 lórí ìtakété láàárín tọkọtaya Yorùbá. Ní 1981, Ọ̀jọ̀gbọ́n I. O. Orubuloye tẹ ìwé odidi kan jáde lórí ìtakété gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí láàárín àwọn obìnrin Yorùbá ní ìgbèríko. Ohun tí ìwé méjèèjì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe nítorí kí ọmọ má baà pọ̀ ni àwọn ìyá wọ̀nyí ṣe ń takété. Wọ́n fẹ́ ọmọ púpọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí èyí tí wọ́n bí yè.

Olóòtú tún bi mí pé, àwọn ìbejì wá ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn kan kò pọn méjì ni tiwọn? Ìbéèrè ńlá ni. Kò sí ẹ̀yà kan láyé tí a mọ̀ tí ń bí ìbejì tó Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n P. P. S. Nylander, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, fi hàn ní nǹkan bí 1969 pé ní Ìgbó-Ọrà àti agbègbè rẹ̀, bí 45 nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ ni ó jẹ́ ìbejì, nígbà tí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ju bí 12 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbín àti ẹyin rẹ̀. Ìbejì a máa kéré nígbà ìbí ju ọmọ kan ṣoṣo lọ, a máa tètè wá sáyé, ọmú kan náà ni wọ́n sì ń pín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń kú láyé àtijọ́. Ère ìbejì tí àwọn agbẹ́gilére Èkìtì àti ti ibòmíràn gbẹ́, tí àwọn òyìnbó kó lọ sínú ilé ìṣúra wọn, ère ọmọ tí ó kú ni. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi aṣọ wọ̀ ọ́, a máa fún un lóúnjẹ pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tí ó wà láàyè. Ayọ̀ méjì ni Yorùbá ń kí nínú ìbejì, ṣùgbọ́n igi tí a gbẹ́ yẹn ń sọ fún wa pé àwọn ìyá mọ iye tí ayọ̀ náà ń ná wọn.

Ẹ má ṣe rò pé mò ń yin ayé àtijọ́ láìkù síbì kan. Ẹrù àlàfo yẹn kò dọ́gba lórí ọkùnrin àti obìnrin. Bí ìyá bá ń takété fún ọdún mẹ́ta, ọkọ ní ìyàwó mìíràn tí ó lè lọ bá. Orí obìnrin nìkan ni ìtakété náà jókòó lé. Bí ọmọ bá sì kú, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi pé kí ni ó ṣe. Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra náà, ọmọ ṣì ń kú púpọ̀ nípa ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti èyí, òun ni ìyá ṣe ń bí mẹ́fà, méje, kí ó lè rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tọ́ dàgbà. Ìṣirò tí ikú bá wà nínú rẹ̀, kò sí bí a ti lè ṣe é kí ó má korò.

Kí ni ó wá yí ìṣirò náà padà? Ibi yìí ni Ìdó-Èkìtì ti wọ inú ìtàn ayé. Ní 1975, Orubuloye àti John Caldwell tẹ ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ ètò ìlera káàkiri ayé ṣì ń tọ́ka sí. Wọ́n mú ìlú méjì ní Èkìtì: Ìdó àti Ìsinbọ̀dé. Ìṣe wọn kò yàtọ̀, iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀, èdè wọn kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwòsàn wà ní Ìdó, kò sì sí ní Ìsinbọ̀dé nígbà náà. Wọ́n bi àwọn ìyá ní ìlú méjèèjì pé ọmọ mélòó ni ẹ bí, mélòó ni ó kù? Ìyàtọ̀ náà hàn kedere: ọmọ Ìdó ń yè ju ọmọ Ìsinbọ̀dé lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé-ìwòsàn nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún tọmọkùnrin tọmọbìnrin. Nígbà tí àwọn olùwádìí yóò fi dé, àwọn ìyá tí ó kàwé àti àwọn tí kò kàwé ti wà ní ìlú méjèèjì. Ní 1986, Caldwell gbé àbájáde ìwádìí náà kalẹ̀ báyìí. Bí a bá fi ọmọ ìyá tí kò kàwé, tí kò sì súnmọ́ ilé-ìwòsàn, ṣe ìwọ̀n, ilé-ìwòsàn nìkan a fi 20 nínú 100 kún iye ọdún tí a lè retí kí ọmọ lò láyé. Ẹ̀kọ́ ìyá nìkan, láìsí ilé-ìwòsàn nítòsí, a fi 33 kún un. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá kàwé tí ilé-ìwòsàn sì wà nítòsí, àfikún náà di 87. Ẹ ṣírò rẹ̀: 20 àti 33 kò ju 53 lọ. Ibo ni ìyókù ti wá? Ó wá láti inú pé ìyá tí ó mọ̀wé tètè ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gbé ọmọ lọ, ó ń lè bá nọ́ọ̀sì àti dókítà sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, ó sì ń tẹ̀lé ìlànà oògùn délé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwé àti ilé-ìwòsàn ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Ilé-ìwòsàn Ìdó náà kò dúró sójú kan. Ó di ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní 1998, ọdún méjì lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, nígbà tí ó sì yá ó di ilé-ìwòsàn tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọyẹ́, apá kan rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìlú mẹ́ta tí a dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwé àti ìwòsàn ti wọ inú wọn.

Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yè, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì dé, ìtumọ̀ ọmọ fúnra rẹ̀ yí padà. Láyé oko, ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ń pọn omi, ó ti ń lé ẹyẹ, ó ti ń ro oko. Bí ọmọ bá ṣe pọ̀ tó ni oko ṣe ń gbòòrò tó. Caldwell sọ ní 1976, lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó ṣe láàárín àwọn Yorùbá, pé ọrọ̀ a máa ṣàn láti ọ̀dọ̀ ọmọ sí ọ̀dọ̀ òbí ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, àti pé ọjọ́ tí ìṣàn náà bá yí padà ni àwọn òbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ díẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yí i padà. Owó ilé-ẹ̀kọ́, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, ìwé, ìdánwò, yunifásítì: bàbá ni ó ń tú àpò báyìí. Èkìtì tí gbogbo ayé mọ̀ fún ìwé kíkà, òun náà ni ó tètè mọ̀ pé ẹyin díẹ̀ tí ó tóbi sàn ju ẹyin púpọ̀ tí ó kéré lọ. Nínú ìwádìí ìlera tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, ọmọ tí obìnrin kan yóò bí láyé rẹ̀ jẹ́ 3.9 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó sì jẹ́ 6.6 ní àríwá ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣe pé ẹnìkan gọ̀, ẹnìkan gbọ́n. Ibi tí ikú ọmọ bá ti dínkù tí ìwé sì ti wọ́n, ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń yí padà.

Mo ti ń bọ̀ wá sí ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ìtakété ọlọ́dún mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Agbo ilé ti fọ́ sí yàrá yàrá. Tọkọtaya ń gbé lábẹ́ òrùlé kan, ìyá ọkọ wà lábúlé, ojú àgbà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba a padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìyá tí ń tajà kì í tilẹ̀ lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Wàrà inú agolo a sì rọ́pò ọmú. Okùn méjì tí àwọn ìyá wa fi so àlàfo náà ti já lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a kò bá fi òmíràn so ó, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ohun tí Cicely Williams rí ní Akírà ni. A ti wó ògiri àtijọ́, ọ̀pọ̀ wa kò sì tíì mọ tuntun. Àwọn kan ń kọ ìtakété nítorí pé ọ̀làjú ni àwọn, wọ́n sì tún ń kọ ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí ti òde òní nítorí pé ọmọ Yorùbá ni àwọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò wà lórílé, kò wà lóko.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà wá nímọ̀ràn pé lẹ́yìn ìbímọ, ó kéré tán kí obìnrin dúró fún oṣù 24 kí ó tó tún lóyún, kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kí ó sì máa mu ún pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi oṣù mẹ́sàn-án oyún kún 24, ẹ ó rí i pé àárín ọmọ méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta! Ibi tí àwọn ìyá àgbà Ìkọ̀lé àti Ọyẹ́ ti dúró láti ọjọ́ pípẹ́ ni àjọ ayé padà wá bá wọn. Ọ̀nà tí a ó gbà débẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀, èyí sì jẹ́ àǹfààní wa, nítorí pé ọ̀nà òde òní kò sọ pé kí obìnrin nìkan ru ẹrù náà. Ọkọ lè bá aya lọ sí ilé ìtọ́jú aboyún. Ọkọ lè gba ọmọ pọ̀n. Ẹ̀yìn ọkùnrin náà, ẹ̀yìn ni.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìgbín àti ẹyẹ na ọmọnìkejì rẹ̀ ní pàṣán o. Ènìyàn kì í ṣe òkété. Ẹni tí kò rí ọmọ bí kò jẹ ayé ní gbèsè. Ẹni tí ó bí mẹ́jọ tí ó sì tọ́ wọn yanjú, a kí i kú iṣẹ́. Ohun tí ẹ̀dá inú oko kọ́ wa ni pé agbára ní ìwọ̀n, pé ohun tí a bá fún ọ̀kan, a ti yọ ọ́ lára òmíràn. Ohun tí ènìyàn ní tí ìgbín kò ní ni pé ó lè mọ̀ ọ́n, ó lè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ ọ́, ó sì lè pinnu.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ọkọ wọn, bí ìyá yín àgbà bá wà láàyè ní Ìdó, ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ọyẹ́, ẹ lọ bi í léèrè nípa ọdún tí ó fi ń pọn ọmọ kọ̀ọ̀kan kí òmíràn tó dé. Ẹ fi ohun tí ó bá sọ wé ohun tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún yín. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: kí èyí tó wà lẹ́yìn sọ̀kalẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ranlẹ̀, kí a tó gbé òmíràn pọ̀n.

Olúwa yóò dá àwọn ọmọ wa sí.